Rífíù kakulétọ̀ fx-991EX: bó ṣe ṣe sí nọ́ńbà 2,147,483,647

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tí a jọ ń kọ́ ọmọ ní lẹ́sìn, kakulétọ̀ Casio fx-991EX yìí dáa, ó dáa gan-an ni, tí agbára yín bá ká a ẹ rà á fún ọmọ tó bá ti wọ SS1. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí ni pé gbogbo rífíù tí mo ń rí nípa ẹ̀, ìrísí ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ṣáá, bó ṣe fúyẹ́, bí sikirínì ẹ̀ ṣe hàn ketekete, kò sẹ́ni tó ń sọ bó ṣe ń ṣe tí èèyàn bá gbé nọ́ńbà ńlá síwájú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé ibẹ̀ gan-an ló ti yàtọ̀ sí àwọn tó kù, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ, àti tíṣà pàápàá, ti ń fi ọ̀rọ̀ tí kò sọ sí i lẹ́nu.

Bàríga ni mo ti ń ṣe lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́, ìṣirò nìkan, JSS3 títí dé SS3. Ti ara ẹ̀ ò gba àlàyé: kò wúwo, ó ní ìdérí tí wọ́n ń yọ́ wọ ẹ̀yìn ẹ̀, sólà ló ní, bátìrì pẹlẹbẹ LR44 kan sì wà nínú ẹ̀ tó ń ràn án lọ́wọ́, tí wọ́n bá mú iná lọ tá a tan láńtà alágbára kékeré yẹn, iṣẹ́ ń lọ. Tí ẹ bá ṣe ìdá, bí a ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé náà ló ṣe máa jáde, ti òkè lókè, ti ìsàlẹ̀ nísàlẹ̀. Ó tán.

Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo bọ́tìnnì tó ní àmì °′″, lókè ẹ̀ wọ́n kọ FACT síbẹ̀. Ẹ tẹ nọ́ńbà tí ẹ fẹ́, ẹ tẹ =, ẹ tẹ SHIFT, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì yẹn, kakulétọ̀ á tú nọ́ńbà náà palẹ̀ sí àwọn práìmù tó para pọ̀ dá a. Práìmù ni nọ́ńbà tí kò sí nǹkan tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra ẹ̀, bíi 2, 3, 5, 7, 11, ẹ̀yin tó ti pẹ́ níléèwé náà á rántí. Dígíìtì mẹ́wàá ni agbára FACT mọ. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ni 9,999,999,999, mo tẹ̀ ẹ́, kò sì pẹ́ tó fi gbé 3² × 11 × 41 × 271 × 9091 jáde. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ṣe irú ẹ̀ rí nínú ìwé mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ kan lè bá a lọ.

Dígíìtì mẹ́wàá yìí bá wa mu, torí nọ́ńbà àkáǹtì báńkì wa, mẹ́wàá ni, nọ́ńbà fóònù náà tí ẹ bá yọ òdo iwájú kúrò, mẹ́wàá ló kù. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ lọ tú nọ́ńbà fóònù ilé wọn nílé, kí wọ́n má fi han ẹnikẹ́ni o, kí wọ́n kàn wá sọ irú nọ́ńbà tó jẹ́: ṣé 2 pín in, ṣé 9 pín in, ṣé práìmù kan wà tó wọ inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tí kì í fẹ́ dá sí ìṣirò á kọ́kọ́ ṣe eléyìí kó tó ṣí ìwé míì, torí nọ́ńbà tiẹ̀ ni, ó fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Wàyí o, bùrákẹ́ẹ̀tì. Ẹ bá mi fi ara balẹ̀ ka ibí yìí.

Tí ẹ bá gbé kakulétọ̀ yìí fún ọmọ tí ẹ ní kó tú nọ́ńbà ńlá kan, nọ́ńbà tí ó máa tẹ̀ ni 1234567890, gbogbo wọn ló ń tẹ̀ ẹ́. Ohun tó máa jáde ni 2 × 3² × 5 × (13717421). Ẹ rí bùrákẹ́ẹ̀tì yẹn? Ọmọ SS2 kan gbé e wá bá mi tayọ̀tayọ̀.

"Àǹtí, mo ti rí práìmù ńlá kan!"

"Èwo nìyẹn?"

"13,717,421, ma. Kakulétọ̀ ò lè tú u mọ́, ó ti fi í sínú bùrákẹ́ẹ̀tì."

Mo ní kó tẹ 3607 lọ́nà 3803. Ó tẹ̀ ẹ́. 13717421 ló jáde. Ó wo sikirínì, ó wò mí, ó tún un tẹ̀, ohun kan náà ló jáde, ó ní "ha, Àǹtí, irọ́ ló ń pa fún mi?" Kò purọ́ kankan. Ohun tó ń sọ pẹ̀lú bùrákẹ́ẹ̀tì yẹn ni pé "ibi tí mo wò dé nìyí, ohun tó wà nínú ibí yìí, mi ò tíì tú u". Ó lè jẹ́ práìmù, ó lè máà jẹ́ ẹ.

Ìdí ẹ̀ sì dùn púpọ̀ tí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ìwé tó bá a wá nínú páálí sọ ọ́ ṣùgbọ́n lẹ́tà ẹ̀ kéré, èèyàn ò sì í ka ìwé yẹn. Àwọn práìmù tí kò ju dígíìtì mẹ́ta lọ ni kakulétọ̀ fi ń dán nọ́ńbà wò, èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn ni 997. Práìmù tó tẹ̀ lé 997 ni 1009. Tí ẹ bá fi 1009 lọ́nà 1009, ẹ máa rí 1,018,081. Tó túmọ̀ sí pé tí àwọn práìmù kéékèèké bá ti yọ tán, tí nọ́ńbà tó kù ò bá tó 1,018,081, práìmù ni, kò sí àríyànjiyàn, torí tó bá jẹ́ pé nọ́ńbà méjì ló para pọ̀ dá a, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò ní dín ní 1009, wọn ò sì lè para pọ̀ kéré sí 1,018,081. Ìdí nìyẹn tí 9091 ìṣáájú yẹn fi dá dúró láìní bùrákẹ́ẹ̀tì, ó dájú. Àmọ́ tí èyí tó kù bá ti tó 1,018,081 sókè, bùrákẹ́ẹ̀tì ló máa wọ̀. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan, 4,104,676, ó máa gbé 2² × (1026169) jáde, 1,026,169 ọ̀hún sì rèé, 1013 lọ́nà 1013 ni, kì í ṣe práìmù rárá.

Èmi ò ka eléyìí sí àléébù o. Mo fẹ́ràn ẹ̀ torí ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tó mọ ibi tí ìmọ̀ òun mọ tó sì fi àmì síbẹ̀ sàn fún ọmọ ju èyí tí á máa dáhùn gbogbo nǹkan lọ. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni pé wọn ò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí ojú sikirínì láti sọ ìtumọ̀ bùrákẹ́ẹ̀tì yẹn, ọmọ tí kò ní ẹni tó máa ṣàlàyé fún un á máa gbé e kiri bẹ́ẹ̀ dé yunifásítì.

Nọ́ńbà tí mo fi ń dán an wò nìyí, 2,147,483,647. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣe FACT, gbogbo ẹ̀ pátá ló máa bọ́ sínú bùrákẹ́ẹ̀tì: (2147483647). Kò sí práìmù dígíìtì mẹ́ta kankan tó pín in. Ṣé práìmù wá ni àbí bíi ti 13,717,421 ni? Kakulétọ̀ dúró síbẹ̀, iṣẹ́ tiwa ló bẹ̀rẹ̀.

Ká tó ṣiṣẹ́ ọ̀hún, ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí mo fi mú nọ́ńbà yìí. Inú kakulétọ̀ náà ló ti wá. Ẹ tẹ MENU, ẹ mú Base-N, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe number bases tó wà nínú iṣẹ́ SS1. Ẹ tẹ 2147483647, ẹ tẹ =, ó gbà á. Ẹ wá fi 1 kún un, Math ERROR. Nọ́ńbà tó tóbi jù tí Base-N lè gbé nìyẹn. Ẹ padà sórí ẹ̀ kí ẹ tẹ bọ́tìnnì BIN, tó ń fi 0 àti 1 nìkan kọ nọ́ńbà, ẹ máa rí òdo kan ṣoṣo níwájú, lẹ́yìn náà 1 mọ́kànlélọ́gbọ̀n tò tẹ̀ léra wọn láìsí òdo kankan láàárín. HEX, ìyẹn béèsì 16, máa fún yín ní 7FFFFFFF. Nígbà tí àwọn ọmọ mi rí ìlà 1 yẹn lórí sikirínì, wọ́n lóye lójú ẹsẹ̀ ohun tí mo ti ń sọ látàárọ̀: ẹ fi 2 lọ́nà ara ẹ̀ títí tí 2 á fi pé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹ yọ 1 kúrò, òun nìyẹn, 2³¹ − 1. Òdo iwájú yẹn, àyè àmì ni, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń mọ̀ bóyá nọ́ńbà wà lókè òdo àbí nísàlẹ̀ ẹ̀.

Kì í ṣe kakulétọ̀ nìkan ló ní ààlà yìí. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ ń ka àkókò ní ìṣẹ́jú àáyá láti January 1, 1970, inú àyè tó tóbi tó eléyìí náà ni wọ́n ń kà á sí, ó sì máa kún ní January 19, 2038. Ní aago Èkó, 4:14:07 ìdájí ni. Ọmọ SS3 tó wà níwájú mi báyìí á ti máa ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni wọ́n máa pè láti tún un ṣe ní báńkì kan ní Marina.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí práìmù. Nọ́ńbà tó bá rí báyìí, tí wọ́n fi 2 lọ́nà ara ẹ̀ tí wọ́n wá yọ 1, Mersenne ni wọ́n ń pè é, orúkọ àlùfáà ilẹ̀ Faransé kan, Marin Mersenne, tó kọ nípa wọn ní 1644. Ẹ má rò pé gbogbo wọn ló jẹ́ práìmù. 29 jẹ́ práìmù, ṣùgbọ́n ẹ tẹ 2²⁹ − 1, ẹ máa rí 536,870,911, ẹ ṣe FACT, 233 × (2304167) ló máa jáde, èyí tó wà nínú bùrákẹ́ẹ̀tì yẹn náà sì tún fọ́ sí 1103 lọ́nà 2089. Ìdí nìyẹn tí èèyàn ò fi lè fi ojú wo 2³¹ − 1 kó sọ pé ó dájú.

Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní St. Petersburg ní Rọ́ṣíà, ló yanjú ẹ̀ ní 1772, nínú lẹ́tà tó kọ sí onímọ̀ ìṣirò míì tó ń jẹ́ Bernoulli. Ojú ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán nígbà yẹn. Kò sí sólà, kò sí bátìrì, orí àti ìwé. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ó lé ní àádọ́rin ọdún tí kò fi sẹ́ni tó mọ práìmù míì tó ju ìyẹn lọ lágbàáyé. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ mi pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ torí mo fẹ́ kó wọ̀ wọ́n lára.

Báwo ló ṣe ṣe é? Ibí yìí ni kakulétọ̀ yìí ti gba máàkì lọ́wọ́ mi. Rúùtù 2,147,483,647 jẹ́ 46,340 póìntì díẹ̀, nítorí náà tó bá máa fọ́, ọ̀kan nínú àwọn tó fọ́ sí ò ní kọjá 46,340. Àwọn práìmù tó wà nísàlẹ̀ 46,340 lé ní ẹgbàajì, ta ló fẹ́ ṣe ìyẹn tán? Ṣùgbọ́n òfin méjì wà fún nọ́ńbà Mersenne. Àkọ́kọ́, práìmù tó bá lè pín 2³¹ − 1, tí ẹ bá fi 62 pín práìmù náà, ìyẹn 31 lẹ́ẹ̀mejì, 1 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Ìkejì, tí ẹ bá fi 8 pín in, 1 tàbí 7 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Ẹ pa òfin méjèèjì pọ̀, ó di pé tí ẹ bá fi 248 pín in, ohun tó ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ jẹ́ 1 tàbí 63, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ má wulẹ̀ dán an wò. Iṣẹ́ tó lé ní ẹgbàajì ló di nọ́ńbà tí kò tó irínwó yẹn! Nínú àwọn tó ní dígíìtì mẹ́ta, 311 nìkan ni práìmù tó bá òfin yìí mu. Ẹ pín in wò: 2147483647 ÷ 311, 6905092.113 ló máa jáde, 35 ṣẹ́kù, kò wọ̀ ọ́.

Fún ìyókù, ẹ lọ sí Table nínú MENU. Ẹ kọ f(x) = 2147483647 ÷ (248x + 63), ẹ bẹ̀rẹ̀ x láti 0, kó máa fi 1 gòkè, ó máa to gbogbo ìdáhùn sílẹ̀ fún yín, ẹ kàn máa sún kọ́sọ̀ lọ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn póìntì. Kò lè gba gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àyè ò tó, ẹ máa ní láti pín in sí ọ̀nà mélòó kan, kí ẹ tún padà wá ṣe 248x + 1 bákan náà, àmọ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ láti x = 1, torí 1 lásán ni x = 0 máa fún yín níbẹ̀. Àwa pín in láàárín ara wa ni, ẹni tó ní kakulétọ̀ mú apá kan, ẹni tí kò ní jókòó tì í, òun ló ń kọ ọ́ sínú ìwé, kálukú ń pariwo "kò wọ̀ ọ́, kò wọ̀ ọ́" bíi kọndọ́ tó ń pe èrò ní Òjúẹ̀lẹ́gbà, títí x fi dé 186 ní méjèèjì. Kò sí ọ̀kan tó pín in. Práìmù ni. Àwọn ọmọ Bàríga fi ọwọ́ ara wọn fìdí ohun tí Euler sọ múlẹ̀, mo sì lè sọ fún yín pé kò sẹ́ni tó rántí pé ilẹ̀ ti ṣú.

Ẹ wá wo oyè tó wà lórí nọ́ńbà kan ṣoṣo. Kì í ṣe nọ́ńbà tí 2 ń pín. Práìmù ni. Práìmù Mersenne ni, ìkẹjọ nínú wọn, àwọn tó ṣáájú ẹ̀ ni 3, 7, 31, 127, 8191, 131071 àti 524287. 31 tó wà lórí 2 yẹn náà tún jẹ́ práìmù Mersenne, torí 2⁵ − 1 ni, irú èyí tó jẹ́ Mersenne lórí Mersenne bẹ́ẹ̀ tó sì jẹ́ práìmù, mẹ́rin péré làwa ọmọ aráyé mọ̀: 7, 127, eléyìí, àti 2¹²⁷ − 1 tó ní dígíìtì mọ́kàndínlógójì. Ó tún ku ọ̀kan tí mo fẹ́ràn jù. Tí ẹ bá fi 2³⁰ lọ́nà nọ́ńbà wa yìí, nọ́ńbà pípé ni ẹ máa rí, ìyẹn irú èyí tó jẹ́ pé tí ẹ bá ro gbogbo ohun tó pín in pọ̀, yàtọ̀ sí òun fúnra ẹ̀, òun náà lẹ máa rí padà, bíi 28 tó jẹ́ 1 + 2 + 4 + 7 + 14. Èyí ni ìkẹjọ nínú àwọn nọ́ńbà pípé: 2,305,843,008,139,952,128.

Kakulétọ̀ ò lè kọ ìyẹn tán fún yín o. 2.305843008×10¹⁸ ló máa kọ, dígíìtì mẹ́sàn-án ẹ̀yìn á ti sọnù, ẹ máa ní láti fi ọwọ́ ṣe é nínú ìwé. Ẹ̀dùn ọkàn mi kejì nìyẹn nípa ẹ̀. Méjì tó tóbi jù nínú àwọn nọ́ńbà pípé tó lè tú dáadáa ni 33,550,336, tó máa gbé 2¹² × 8191 jáde, àti 8,589,869,056, tó jẹ́ dígíìtì mẹ́wàá gééré, 2¹⁶ × 131071, kò sí bùrákẹ́ẹ̀tì lórí ìkankan nínú wọn. Ẹ̀yin náà ti mọ ìdí ẹ̀ báyìí.

Ní ti rírà: ẹ ṣọ́ra. Adàmọ̀dì pọ̀ káàkiri, ní Ìdúmọ̀tà, ní Yábàá, ní Computer Village, mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù kankan. Ọmọ mi kan gbé ọ̀kan wá tí bọ́tìnnì ẹ̀ ń há, tí ojú sólà ẹ̀ jẹ́ rọ́bà lásán tí wọ́n kùn ní dúdú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n ṣí i níbẹ̀, ẹ tẹ 4104676, ẹ ṣe FACT. Tí kò bá gbé 2² × (1026169) jáde, ẹ dá a padà, ẹ má gba "bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn" lẹ́nu ẹni tó ń tà á. Ẹ tún mọ̀ pé JAMB ò gbà kí èèyàn gbé kakulétọ̀ tiẹ̀ wọlé, ti orí kọ̀ǹpútà wọn ni wọ́n ń lò, nítorí náà kí ọmọ máa fi ọwọ́ ṣe díẹ̀díẹ̀ náà.

Ẹni tó bá ti ní fx-991ES PLUS nílé, ẹ má wulẹ̀ ná owó míì nítorí iṣẹ́ tí mo sọ yìí. Òun náà ní FACT, ó ní Base-N, ó ní Table, bùrákẹ́ẹ̀tì kan náà ló sì ń fi sí i. Sikirínì ti EX ló kàn hàn jù ú lọ. Ẹ kàn yẹ̀ ẹ́ wò bóyá PLUS wà lára orúkọ ẹ̀, kí ẹ rí i pé FACT wà lókè bọ́tìnnì °′″ yẹn.